Ọkọ̀ Asáré Lọ, Ọkọ̀ Ẹbí Dé

Ẹ̀yin ará Ìlú Ọba tí Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ, ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ̀yin ni mo bá wá lónìí, pàápàá ẹ̀yin bàbá ọmọ tí mọ́tò asáré wà lẹ́nu ọ̀nà yín, èyí tí ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ títí tó fi lágbára ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Ìyàwó ti béèrè ibi tí àga ọmọ máa gbé. Màmá ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ. Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí mọ́tò yìí gbọ́dọ̀ lọ, kí òmíràn sì dé.

Mo fẹ́ kó lọ ní iye tó yẹ ẹ́, kó sì lọ láìsí ẹjọ́ lẹ́yìn. Ohun tí mo máa tẹnu mọ́ lónìí ni pé owó tí ẹ ná sórí àwọn ẹ̀yà eré kò ní bá mọ́tò padà wálé. Ohun tó ń mówó wọlé lọ́jọ́ títà ni ìwé, ojúlówó ẹ̀yà tí ẹ tọ́jú pamọ́, àti òtítọ́ ẹnu yín.

Mọ́tò kan ṣoṣo ni màá fi ṣàlàyé, kí ọ̀rọ̀ má baà fò káàkiri: Subaru Impreza onítọ́bò. Ọdún 1992 ni Subaru gbé Impreza jáde ní Japan. Èyí tó ní tọ́bò dé Ìlú Ọba ní 1994. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Colin McRae, ọmọ Scotland, fi mọ́tò yìí gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje ráálì àgbáyé, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ yìí àkọ́kọ́ tó gbà á. Richard Burns, ọmọ England, tún fi Subaru gbà á ní 2001. Petter Solberg láti Norway gbà á ní 2003. Àwọ̀ búlúù àti rímù aláwọ̀ góòlù ni àwọn èèyàn ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń já gba inú igbó àti ẹrọ̀fọ̀ kọjá. Ohun tó wá mú ọkàn àwọn ọ̀dọ́ ni pé ẹni tó bá lówó lè wọ ṣọ́ọ̀bù mọ́tò lọ ra ìbátan rẹ̀, ilẹ̀kùn mẹ́rin, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì sì ń wà. Ẹni tó bá ń bú ọ̀dọ́ pé ó fi owó ṣòfò lórí irú mọ́tò yìí kò tíì gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ìfẹ́ tòótọ́ ni. Èmi kò sì bá ẹnikẹ́ni wí nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo tọ́bò fúnra rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń tà, ẹni tó ń rà ló máa bá a dá iye lé e. Èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì, tí ì bá kàn gba sàlẹ́ńsà jáde lọ dànù, òun ni wọ́n darí sórí àgbá kékeré kan tó ní abẹ̀bẹ̀. Èéfín yìí á máa yí abẹ̀bẹ̀ náà. Ọ̀pá irin kan so ó mọ́ abẹ̀bẹ̀ kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti ìta, tó sì ń tì í wọ inú ẹ́ńjìnnì tipátipá, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ṣe ń fẹ́ná. Afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i, epo pọ̀ sí i, agbára pọ̀ sí i. Ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì ni gbogbo ohun tó gbé e dúró. Ọ́ìlì tó bá ti dúdú, tó ti ki, tó sì ti pẹ́, òun ló ń pa tọ́bò kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Afẹ́fẹ́ tí a bá tì pọ̀ máa ń gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì máa ń fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú un gba inú ohun kan tó dà bí rédíétọ̀ kékeré kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní intercooler, kó lè tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Ti Impreza orí ẹ́ńjìnnì ló wà. Ihò ńlá tí ẹ ń rí lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà bà lé e.

Kí wá ni àwọn èèyàn máa ń ṣe sí i? Wọ́n á yọ sàlẹ́ńsà, wọ́n á fi èyí tó fẹ̀ tó sì ń pariwo sí i. Wọ́n á gbé tọ́bò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ wọlé. Wọ́n á sọ mọ́tò kalẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú sípíríìngì tó le. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé wọ́n á tún kọ ìlànà tó wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, kó lè jẹ́ kí tọ́bò tẹ afẹ́fẹ́ sí i kọjá ibi tí ilé-iṣẹ́ fi ààlà sí. Nígbà tí Impreza onítọ́bò àkọ́kọ́ dé síbí, agbára rẹ̀ lé díẹ̀ ní agbára ẹṣin 200. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè mú un kúrò níbẹ̀ lọ jìnnà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè mú un lọ jìnnà, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ tí epo kò pọ̀ tó o, epo á máa bú gbàmù kí àsìkò rẹ̀ tó tó, orí písítìn ló sì máa gba ìyà náà. Ẹnu ibi tí ríìngì písítìn jókòó sí á kán. Bíárìn tó gbé ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì á jẹ. Àwọn mẹ́káníìkì tó ń ṣe Subaru mọ àìsàn méjèèjì yìí dáadáa.

Ìdí pàtàkì tí owó àfikún kì í fi í padà nìyí. Ẹni tó fẹ́ ra kò rí iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Ewu ló rí. Kò mọ ọwọ́ tó kọ kọ̀ǹpútà yẹn. Kò mọ iye ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ó tún mọ̀ pé iléeṣẹ́ adójútòfò máa béèrè nípa ẹ̀yà àfikún kọ̀ọ̀kan, àwọn míì ò sì ní gbà á rárá. Torí náà ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá mọ́tò á kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín láìwọlé. Tí ẹ bá gbé e lọ fún oníṣòwò mọ́tò pé kó gbà á kí ẹ fi owó lé e mú òmíràn, iye tó máa dá á máa dùn yín, torí kò mọ ẹni tí yóò tà á fún.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wọ inú gáréèjì tàbí abẹ́ àtẹ̀gùn lọ wo ohun tí wọ́n tọ́jú. Ṣé ojúlówó sàlẹ́ńsà ṣì wà? Rímù tó bá a wá ńkọ́? Sípíríìngì, àga iwájú, sítíárìn? Tí wọ́n bá wà, ẹ dá wọn padà sára mọ́tò, kí ẹ ta àwọn ẹ̀yà àfikún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn tó ń wá wọn. Owó méjèèjì papọ̀ sábà máa ń ju iye tí ẹ máa rí lórí mọ́tò tí gbogbo rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà náà ṣeé dá padà sí ìlànà ilé-iṣẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ ni kí ẹ gbé e lọ bá.

Mo fi ọ̀kan ṣáájú àwọn yòókù: kátálísítì, ìyẹn ẹ̀yà tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàlẹ́ńsà. Ọ̀pọ̀ ló ti yọ tiwọn, tí wọ́n fi páìpù lásán dí àyè rẹ̀. Mọ́tò tó bá ní kátálísítì nígbà tí wọ́n ṣe é, tí kò sì sí lára rẹ̀ mọ́, kò gbọdọ̀ yege àyẹ̀wò MOT ọdọọdún, kò sì tọ́ kó wà lójú títì. Ní ilẹ̀ yìí, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn ta mọ́tò tí kò tọ́ láti rìn lójú títì fún ẹni tó fẹ́ wà á lọ. Kò já mọ́ nǹkan kan pé ẹ kì í ṣe oníṣòwò.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ kí ẹ dá padà o. Bírékì tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ fi í sílẹ̀, àǹfààní ni. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tú, tí wọ́n fi písítìn alágbára sí, kò ṣeé dá padà ní ìrọ̀rùn. Irú rẹ̀, àwọn tó mọ Subaru ni kí ẹ tà á fún, pẹ̀lú rìsíìtì ẹni tó tò ó àti bébà tó fi agbára rẹ̀ hàn nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n lórí ẹ̀rọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí n má baà ṣi yín lọ́nà: dídá ẹ̀yà padà kì í ṣe láti fi tan ẹnikẹ́ni jẹ. Tí mọ́tò bá ti rìn pẹ̀lú tọ́bò ńlá rí, ẹ sọ ọ́, kódà kí tọ́bò kékeré ti padà sórí rẹ̀. Òfin ilẹ̀ yìí kò fún ẹni tó ra mọ́tò lọ́wọ́ aládàáni ní ẹ̀tọ́ tó pọ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò náà gbọ́dọ̀ bá ohun tí ẹ sọ nípa rẹ̀ mu. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìpolówó pé ohunkóhun kò yí padà lára rẹ̀, tí ẹni tó rà á sì wá rí àmì pé wọ́n ti tún kọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ti fún onítọ̀hún ní ẹ̀rí tó lè mú lọ sí kóòtù. Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń kọ sórí rìsíìtì, pé bí ẹ ṣe rí i ni ẹ ṣe rà á, kò lè bo irọ́ mọ́lẹ̀.

Bákan náà ni ti adójútòfò, fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wa mọ́tò náà nígbà tí ẹ ń wá oníbàárà. Òfin 2012 lórí ọ̀rọ̀ yìí sọ pé kí ẹni tó ń ra ìdójútòfò ṣọ́ra kó má sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹ̀yà àfikún mọ́, iléeṣẹ́ náà lè fagi lé àdéhùn bí ẹni pé kò sí rí, lọ́jọ́ tí ìjàǹbá dé gan-an. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń rò pé rímù lásán kò tó ohun à ń sọ. Ó tó o.

Wàyí o, oníbàárà dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹni tó mọ Subaru ṣe ń wò ó. Kò ní fẹ́ kí ẹ ti tan mọ́tò kó tó dé. Ó máa gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ná. Tó bá gbóná, á bi yín ní ìdí. Á fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, á nù ún, á kì í bọ̀ ọ́, á tún fà á yọ, á wo ibi tí ọ́ìlì dé àti àwọ̀ rẹ̀, á fi ìka méjì ra á wò bóyá irin lúbúlúbú wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí ẹ tan án, òun á lọ dúró lẹ́yìn. Èéfín búlúù túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ń jóná, bóyá láti ojú tọ́bò, bóyá láti ojú ríìngì. Á wá padà síwájú, á tẹ etí sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Subaru ní ìró tirẹ̀; písítìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dùbúlẹ̀ ni, méjì sápá ọ̀tún, méjì sápá òsì. Ìró kò-kò-kò tó wúwo láti ìsàlẹ̀, tó ń yára bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, bíárìn nìyẹn. Tó bá gbọ́ ọ, ó ń lọ nìyẹn.

Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tó lè dáhùn gbogbo àyẹ̀wò yìí. Fáìlì ló lè dá a lóhùn. Ẹ kó rìsíìtì gbogbo ìgbà tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ń yí inú ẹ́ńjìnnì, nítorí bí bẹ́líìtì yẹn bá já, ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ nìyẹn. Ìtàn MOT rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba fún ẹnikẹ́ni tó bá ní nọ́ńbà mọ́tò, láìsan kọ́bọ̀, torí náà ẹ má sọ ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì máa ta kò. Tí ẹ bá ṣì jẹ gbèsè lórí mọ́tò náà, tó jẹ́ pé sísan díẹ̀díẹ̀ ni ẹ fi rà á, ti ilé-iṣẹ́ tó yá yín lówó ló ṣì jẹ́. Ẹ san án tán kí ẹ tó tà á.

Kí ẹ tó jẹ́ kí oníbàárà wà á wò, ẹ rí i pé adójútòfò rẹ̀ bo mọ́tò ẹlòmíràn. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ àyè; ibẹ̀ ni àwọn olè ti ń gbé irú mọ́tò yìí lọ. Ní ti owó, báńkì sí báńkì ló dára jù, inú ápùù báńkì tiyín sì ni kí ẹ ti rí i pé ó ti wọlé. Fọ́tò tó fi hàn yín lórí fóònù tirẹ̀ kì í ṣe owó. Tí owó bá ti wọlé, ẹ ya bébà aláwọ̀ ewé inú ìwé V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò, fún un, kí ẹ sì sọ fún DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé mọ́tò ní Swansea, lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ẹ kò bá sọ fún wọn, orúkọ yín ni fáìnì gbogbo á máa wá.

Ó kan ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan ti ń dúró dè láti ìbẹ̀rẹ̀: ṣé dandan ni kí a tà á? Ilẹ̀kùn mẹ́rin ṣáà ni Impreza ní. Tó bá jẹ́ pé ọmọ kan ni, tí mọ́tò náà sì ti padà sí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é, mi ò ní bá yín jà tí ẹ bá ní ó ṣì máa ṣe é. Ẹ̀yin ará London ni mo máa kìlọ̀ fún. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2023, gbogbo àdúgbò London ti wọ abẹ́ òfin ULEZ lórí èéfín mọ́tò. Mọ́tò bẹntiróòlù tí kò bá dé ìlànà Euro 4 ń san £12.50 lójúmọ́ tó bá ti rìn, Impreza ti àwọn ọdún 1990 sì wà lára wọn. Kí ẹ gbé ọmọ lọ sí nọ́ọ́sìrì ní ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, £62.50 ti lọ.

Òfin yìí kan náà ló lè mú ẹni tó ń ra mọ́tò ẹbí. Ẹ máa rí Ford Galaxy tàbí Volkswagen Touran oníjókòó méje tó ń lo dísù, tí owó rẹ̀ rọ̀. Ẹ wo ọdún rẹ̀ dáadáa. Dísù gbọ́dọ̀ dé Euro 6, èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án 2015. Kódà tó bá yege, asẹ́ tó ń mú nǹkan dúdú inú èéfín dísù máa ń dí bí mọ́tò kò bá rìn jìnnà, torí ìgbà tó bá sáré pẹ́ lójú ọ̀nà ńlá ló ń jó ohun tó kó sínú asẹ́ náà dànù. Ilé-ìwé, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé: irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti dísù. Bẹntiróòlù tàbí háíbíríìdì ni kí ẹ rà. Ẹni tó mọ Toyota Sienna láti Nàìjíríà máa wá a níbí. Toyota kì í tà á ní Ìlú Ọba.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ wo mọ́tò ẹbí, ẹ gbé àga ọmọ yín dání. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ ki ìka bọ àárín ibi ìfẹ̀yìntì àti ibi ìjókòó, ẹ máa kan irin méjì, ISOFIX nìyẹn. Ẹ ti àga wọ ibẹ̀ títí yóò fi dún kápá lẹ́ẹ̀mejì, tí àmì rẹ̀ yóò sì di àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà kí ìyá ọmọ jókòó síwájú, kí ó ti àga tirẹ̀ sẹ́yìn bó ṣe máa ń jókòó. Ṣé àyè ṣì wà fún àga tó kọjú sẹ́yìn? Àga tó bá ìlànà R129 mu kò gbà kí ọmọ kọjú síwájú títí yóò fi kọjá oṣù 15, torí náà àyè yìí ṣe pàtàkì gan-an. Tí ó bá jẹ́ iwájú ni ẹ fẹ́ gbé àga tó kọjú sẹ́yìn sí, ẹ gbọ́dọ̀ pa báàgì afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Òfin ni, ẹ̀mí ọmọ sì ni.

Ẹ̀yin tí ọmọ mẹ́ta wà lọ́wọ́ yín, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ mọ́tò kò ní ju ISOFIX méjì lọ lẹ́yìn. Àwọn bíi Touran tuntun àti Citroën Grand C4 Picasso ní mẹ́ta lórí ìlà àárín. Ọmọ sì gbọ́dọ̀ máa lo àga tirẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí tí yóò fi ga tó sẹ̀ntímítà 135, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Fún oníjókòó méje, ẹ gbé gbogbo ìjókòó náà dúró kí ẹ tó ṣí búùtù. Nígbà tí màmá bá wà níbí, tí gbogbo yín ń lọ sí ìkómọ, ẹ máa rí i pé kúlà ìrẹsì kò ní àyè mọ́.

Tí ẹ bá rà á lọ́wọ́ oníṣòwò, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá a padà bí àbùkù bá wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti gbà á; aládàáni kò ní irú ojúṣe yẹn. Owó orí ọkọ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2014, èyí tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ san kì í tẹ̀ lé mọ́tò mọ́. Nọ́ńbà tó wà lórí bébà aláwọ̀ ewé tí wọ́n ya fún yín ni ẹ máa fi san tiyín lórí fóònù, kí ẹ tó gbé mọ́tò náà kúrò níwájú ilé ẹni tó tà á. Ti Subaru tí ẹ tà, ìjọba á dá owó oṣù tó kù padà fún yín fúnra wọn, nígbà tí DVLA bá ti gbọ́ pé ó ti kúrò lọ́wọ́ yín.